Iná táyà ń ṣẹ́jú lórí ọkọ̀ asáré mi: ṣé afẹ́fẹ́ ni àbí ẹ̀rọ?

Ẹni tí ó kọ̀wé béèrè ọ̀rọ̀ yìí ní ọkọ̀ asáré oníjókòó méjì tí ó ti pé ọdún mẹ́jọ, èyí tí ó rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó ní láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iná ìkìlọ̀ táyà ti ń tàn láàárọ̀ bí òun bá ti sítáàtì ọkọ̀, pé iná náà máa ń ṣẹ́jú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan kí ó tó dúró láìṣẹ́jú mọ́, àti pé ní àwọn ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí òun bá ti wa ọkọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, ó máa ń kú fúnra rẹ̀. Lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, táyà mẹ́ta ń fi iye afẹ́fẹ́ wọn hàn, ṣùgbọ́n ìlà kéékèèké lásán ni ó wà níbi tí iye ti táyà ẹ̀yìn lápá òsì yẹ kí ó wà. Ó pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn méjèèjì ní oṣù tí ó kọjá. Ó ti fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, iná kò yé tàn, ẹni tí ó bá a ṣe táyà sì ti gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi nǹkan bo iná náà, kí ó má ba ọkàn ara rẹ̀ jẹ́. Ó ń béèrè bóyá kí òun gba ìmọ̀ràn yẹn.

Rárá, ẹ má gbà á. Ẹ má sì tún fún táyà kankan ní afẹ́fẹ́ mọ́ kí ẹ tó ka ìdáhùn yìí tán, nítorí gbogbo ohun tí ẹ kọ ni ó ń tọ́ka sí i pé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ kọ́ ni iná yín ń sọ. Iná kan ṣoṣo yẹn, èyí tí àwòrán rẹ̀ dà bí táyà tí a là sí méjì tí àmì ìyanu wà láàárín rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń sọ, ọ̀nà tí ó gbà tàn ni a sì fi ń mọ èyí tí ó ń sọ. Bí ó bá tàn tí ó sì dúró gbọn-in láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń sọ pé afẹ́fẹ́ ti dín nínú táyà kan, ó kéré tán. Bí ó bá kọ́kọ́ ṣẹ́jú fún ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ kí ó tó dúró, ó ń sọ pé ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó ní àbùkù. Òfin Amẹ́ríkà, tí ó sọ ẹ̀rọ yìí, TPMS, di dandan fún gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tuntun láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, ni ó fi ìyàtọ̀ yìí lélẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ sójú dáṣíbọ́ọ̀dù dípò kí iná wọn máa ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kan náà ni.

Síbẹ̀, géèjì ni ẹ ó kọ́kọ́ mú. Mo mọ̀ pé ó lè jọ pé mo ń tako ara mi, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀: táyà tí ẹ̀rọ kò rí mọ́ náà ni táyà tí ó lè máa jò láìsí ẹni tí yóò sọ fún yín. Nígbà kan, wọ́n gbé ọkọ̀ asáré kan wá sọ́dọ̀ mi tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú bíi ti yín, wọ́n sì ti sọ fún ẹni tí ó ni ín láti oṣù méjì sẹ́yìn pé ẹ̀rọ inú táyà ni ó kú, pé kò sí ewu. Òótọ́ ni ẹ̀rọ náà kú. Ṣùgbọ́n ìṣó kékeré kan ti wọ èjìká táyà yẹn kan náà, ìyẹn ibi tí ojú táyà ti pàdé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní ìhà inú, níbi tí ojú ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kò lè dé, afẹ́fẹ́ sì ti ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà yẹn. Nígbà tí a yọ táyà náà kúrò lára rímù, ẹ̀tù rọ́bà dúdú ni ó dà sílẹ̀ láti inú rẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ táyà ti ń tẹ̀, ó ń nà, ó ń lọ ara rẹ̀ kúnná ní ojú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí ẹ̀tù yẹn rí kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó bo iná.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi le lórí ọkọ̀ asáré ju ti ọkọ̀ mìíràn lọ ni pé táyà ọkọ̀ asáré kò ní ẹ̀gbẹ́ gíga. Táyà ọkọ̀ lásán tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín yóò wú níbi tí ó ti kan ilẹ̀, ẹnikẹ́ni yóò sì rí i, ṣùgbọ́n táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrú tí ó sì le lè pàdánù ìdá kan nínú mẹ́rin afẹ́fẹ́ rẹ̀ kí ó sì dúró bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Bí táyà náà bá jẹ́ irú èyí tí a ṣe kí ó lè rìn láìsí afẹ́fẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn run-flat, ojú kò tilẹ̀ lè rí ohunkóhun rárá. Kò yà mí lẹ́nu pé orí ọkọ̀ asáré ni irú ẹ̀rọ yìí ti kọ́kọ́ jáde: Porsche 959 ni, ní ọdún 1986, ọkọ̀ tí eré rẹ̀ ju kìlómítà 300 lọ ní wákàtí kan. Ní irú eré bẹ́ẹ̀, táyà tí ó rọ̀ máa ń gbóná láti inú wá títí àwọn ìpele rẹ̀ yóò fi tú kúrò lára ara wọn.

Nítorí náà, ní àárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó gbé ọkọ̀ jáde, nígbà tí ó ti dúró fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán tí oòrùn kò sì tíì mú apá kan rẹ̀ gbóná, ẹ fi géèjì ọwọ́ tí ó dára wọn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì kọ iye wọn sílẹ̀. Ẹ fi iye yẹn wé èyí tí a kọ sára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ má fi wé èyí tí a tẹ̀ sára táyà, nítorí pé ìyẹn jẹ́ ibi tí táyà lè gbà dé kí ó má ṣe bàjẹ́, kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ohun tí ọkọ̀ yín fẹ́. Ẹ ó rí i pé iye ti iwájú àti ti ẹ̀yìn kò dọ́gba, nítorí pé táyà ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré fẹ̀ ju ti iwájú lọ, ẹrù tí ó sì wà lórí wọn yàtọ̀. Bí ìwé ọkọ̀ yín bá tún ya iye kan sọ́tọ̀ fún eré gíga tàbí fún ìgbà tí èèyàn méjì àti ẹrù bá wà nínú ọkọ̀, èyí tí ó bá bí ẹ ṣe ń lo ọkọ̀ mu ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Mo tẹnu mọ́ àárọ̀ nítorí mo fura pé nínú ìgbà mẹ́ta tí ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti rìn. Afẹ́fẹ́ inú táyà máa ń fi nǹkan bíi psi kan (psi ni ìwọ̀n tí géèjì fi ń ka agbára afẹ́fẹ́ táyà) lọ sókè tàbí wá sílẹ̀ fún gbogbo ìwọ̀n 5 sí 6 tí ooru bá fi yí padà lórí Celsius. Ẹ jẹ́ ká sọ pé táyà ti gbóná dé 50°C nígbà tí ẹ fi géèjì sí i, tí ẹ sì fi í sí psi 33 gẹ́gẹ́ bí ara ilẹ̀kùn ti wí. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ tí ooru rẹ̀ jẹ́ 15°C, nǹkan bíi psi 27 tàbí 28 péré ni ẹ ó bá nínú rẹ̀, láìjẹ́ pé nǹkan kan jò. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, iná gbọ́dọ̀ tàn bí afẹ́fẹ́ bá fi ìdá 25 nínú 100 lọ sílẹ̀ ju iye tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ là sílẹ̀. Ìlànà Yúróòpù, tí ó dé orí gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tuntun ní ọdún 2014, fi tirẹ̀ sí ìdá 20. Ọkọ̀ asáré púpọ̀ kì í dúró dìgbà yẹn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Èèyàn lè tipa bẹ́ẹ̀ máa fún táyà ní afẹ́fẹ́ ní ọ̀sán kí iná sì máa padà ní òwúrọ̀. Òdì kejì rẹ̀ tún burú jù: ẹ má ṣe tú afẹ́fẹ́ jáde láti inú táyà gbígbóná nítorí pé iye rẹ̀ ti ga ju ti ara ilẹ̀kùn lọ, nítorí ó yẹ kí ó ga nígbà náà.

Bí géèjì bá fi hàn pé táyà kan dín ju àwọn tó kù lọ, ẹ fún un ní afẹ́fẹ́, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta ní irú wákàtí kan náà. Bí òun nìkan bá tún dín, ó ń jò. Ẹ da omi ọṣẹ sí ojú táyà, sí ìdí fáàfù, sí ẹnu fáàfù, àti sí gbogbo etí rímù yí ká, lóde àti ní inú, kí ẹ sì máa wo ibi tí ìfófòó ti ń yọ. Lórí ọkọ̀ bíi tiyín, ẹ fi ara balẹ̀ wo ìhà inú, nítorí pé wọ́n máa ń jẹ́ kí orí táyà ọkọ̀ asáré tẹ̀ sínú díẹ̀ kí ó lè di ilẹ̀ mú ní kọ́nà, èyí sì ń mú kí èjìká inú tètè jẹ, kí ó sì tètè gba ìṣó. Rímù pẹ̀lú kò gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́kàn yín. Ẹ̀gbẹ́ táyà tí ó kúrú kì í gba ìkọlù kòtò mọ́ra, rímù ni ó ń gbà á, mo sì ti rí rímù tí ó sán wẹ́rẹ́ ní ìhà inú tí ọ̀nà jíjò rẹ̀ kò hàn àfi ìgbà tí a fi gbogbo rẹ̀ sínú omi.

Ká sọ pé géèjì ti wí pé afẹ́fẹ́ pé nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tí mo rò pé ẹ ó bá. Nígbà náà, a lè wá kojú ẹ̀rọ. Bí ọkọ̀ yín ṣe ń fi iye táyà kọ̀ọ̀kan hàn jẹ́ ẹ̀rí pé sẹ́ńsọ̀ kan wà nínú táyà kọ̀ọ̀kan, ní ìdí fáàfù, tí ó ń wọn afẹ́fẹ́ tí ó sì ń fi rédíò sọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀. (Irú kejì tí kò ní sẹ́ńsọ̀ nínú táyà, tí ó ń lo ẹ̀rọ bíréèkì ABS láti mọ̀ pé táyà kan ń yí kíákíá ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nítorí pé ó rọ̀, kì í sábà mọ iye rárá, kì í sì í kọ ìlà kéékèèké sílẹ̀ fún táyà kan ṣoṣo.) Sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí kò sí lára òmíràn, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sì ti há nọ́ńbà mẹ́rin sórí. Bí ọkọ̀ bá dúró, wọ́n máa ń sùn kí wọ́n lè tọ́jú bátìrì. Bí táyà bá yí dé eré kan, wọ́n á jí, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ ní ìgbà díẹ̀ díẹ̀. Bátìrì yẹn ni gbogbo ọ̀ràn. Lítíọ́ọ̀mù ni, wọ́n ti dì í pa mọ́ inú sẹ́ńsọ̀ pátápátá, kò ṣeé pààrọ̀, ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá ni ó sì sábà máa ń lò.

Ọkọ̀ yín ti pé ọdún mẹ́jọ. Ẹ tún wo àpẹẹrẹ tí ẹ fúnra yín kọ: ó burú ní òwúrọ̀ tí ó tutù, ó máa ń sàn lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú tí táyà ti gbóná. Bátìrì tí ó ń kú lọ gan-an ni ó ń hùwà báyìí, nítorí pé òtútù ń dín agbára rẹ̀ kù, ooru sì ń dá díẹ̀ padà fún un. Bí fáàfù bá ṣẹ́ tàbí bí sẹ́ńsọ̀ bá fọ́ ni, yóò dákẹ́ jálẹ̀ ni, kì í lọ kí ó máa bọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fi bátìrì ṣáájú, tí mo sì fi iṣẹ́ oṣù tí ó kọjá ṣe ìkejì. N kò yọ iṣẹ́ yẹn kúrò pátápátá. Táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ asáré fẹ̀, ó le, etí rẹ̀ sì di rímù mú gan-an. Bí oníṣẹ́ kò bá ṣọ́ra kí apá ẹ̀rọ tí ń ti etí táyà wọlé jìnnà sí fáàfù, ó lè tẹ sẹ́ńsọ̀ kí ó sì sán án láìmọ̀. Bí ẹ bá sì ti lo oògùn olómi tí ń dí ihò táyà nígbà kankan, irú èyí tí ó máa ń wà nínú búùtù ọkọ̀ tí kò ní táyà àfipamọ́, ó lè ti dí ojú ihò kékeré tí sẹ́ńsọ̀ fi ń mọ afẹ́fẹ́. Nínú irú ọ̀ràn yìí, ó sábà máa ń jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ náà ń sọ iye tí kò tọ́ dípò kí ó dákẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan táyà ẹ̀yìn lápá òsì, ẹ jẹ́ kí ó dá yín lójú pé òun gan-an ni. Ọkọ̀ kan wà tí ó ń dá ipò sẹ́ńsọ̀ mọ̀ fúnra rẹ̀, òmíràn sì wà tí ó kàn ń gba ohun tí a sọ fún un nígbà tí a kọ́ ọ gbọ́. Nígbà tí wọ́n yọ táyà ẹ̀yìn méjèèjì ní oṣù tí ó kọjá, ó ṣeé ṣe kí rímù òsì ti di ti ọ̀tún, kí kọ̀ǹpútà má sì mọ̀. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ẹ tú nǹkan bíi psi 4 jáde láti inú táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, kí ẹ rìn díẹ̀ ní eré jẹ́jẹ́, kí ẹ sì wo iye tí ó yí padà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí iye ọ̀tún bá yí padà, òsì ni ó ń ṣàìsàn lóòótọ́. Bí iye ọ̀tún bá dúró gedegbe bí ó ti wà, ẹ máa fura. Ẹ dá afẹ́fẹ́ náà padà lójú ẹsẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti tú táyà tí ó sàn tí wọ́n sì dá a padà, nítorí pé wọ́n gba ojú dáṣíbọ́ọ̀dù gbọ́ láìdán an wò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ẹni tí ó ní irinṣẹ́ TPMS ọwọ́, ohun kékeré bí rìmóòtù tí a ń gbé sún mọ́ fáàfù. Ó ń fi ìgbì kékeré kan, 125 kHz, jí sẹ́ńsọ̀, sẹ́ńsọ̀ á sì dáhùn pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, iye afẹ́fẹ́, ìwọ̀n ooru, àti ipò bátìrì lára àwọn kan. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe é ní òwúrọ̀, nígbà tí àìsàn náà bá wà lára rẹ̀, nítorí bí ẹ bá gbé ọkọ̀ gbígbóná lọ bá a, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè dáhùn kí ó sì sọ fún yín pé kò sí nǹkan. Bí sẹ́ńsọ̀ kò bá dáhùn rárá, ó ti kú, àríyànjiyàn ti parí. Bí ó bá dáhùn ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà rẹ̀ kò sí nínú mẹ́rin tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ há sórí, ẹnì kan ti fi òmíràn síbẹ̀ láìkọ́ ọkọ̀ mọ̀ ọ́n, ẹ kò sì nílò láti ra ohunkóhun. Bí ó bá dáhùn dáadáa tí nọ́ńbà rẹ̀ sì bá ti kọ̀ǹpútà mu, ẹ yíjú sí ibi tí ọkọ̀ fi ń gbọ́ rédíò. Ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn ohun tí ẹ fi sí ọkọ̀ lẹ́yìn tí ẹ rà á, bíi ohun ìgba-iná fóònù olówó pọ́ọ́kú àti kámẹ́rà iwájú, nítorí pé àwọn kan nínú wọn ń da ariwo sínú ìgbì rédíò. Kí ẹ wò ó fún ọjọ́ kan kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ara ọkọ̀.

Nígbà tí irinṣẹ́ náà bá wà lọ́wọ́ oníṣẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ó ka nọ́ńbà sẹ́ńsọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ sì kọ wọ́n sílẹ̀ ní ibi tí kò ní sọnù. Èyí tí ó ń kú lọ ṣì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kí ó tó dákẹ́. Àwọn sẹ́ńsọ̀ tuntun kan wà tí a lè kọ nọ́ńbà sí nínú. Bí ẹ bá fún ọ̀kan nínú wọn ní nọ́ńbà ti èyí tí ó kú, ọkọ̀ kò ní mọ̀ pé a pààrọ̀ ohunkóhun, a kò sì ní nílò láti tún kọ́ ọ.

Ní ti rírà, ohun tí ó ń ko èèyàn sí wàhálà jù ni ìgbì rédíò. 315 MHz ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ń lò, nígbà tí àwọn tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù ń lo 433 MHz, sẹ́ńsọ̀ méjèèjì sì lè jọra bí ìbejì lójú. Irú ọkọ̀ kan náà, tí orúkọ rẹ̀ kò yàtọ̀ tí ọdún rẹ̀ kò sì yàtọ̀, lè ní méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ tà á. Ẹ̀yin ra ọkọ̀ yín lọ́wọ́ ẹlòmíràn, nítorí náà ẹ má fi orúkọ ọkọ̀ ra sẹ́ńsọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà ara ọkọ̀, ìyẹn VIN, rà á, tàbí kí ẹ fi ohun tí a kọ sára sẹ́ńsọ̀ tí a yọ jáde rà á. Sẹ́ńsọ̀ tí ìgbì rẹ̀ kò bá ti ọkọ̀ mu yóò máa sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ọkọ̀ kò sì ní gbọ́ ọ láéláé.

Ṣé kí ẹ pààrọ̀ ọ̀kan ni àbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Bí ìwé kò bá sọ pé a ti pààrọ̀ èyíkéyìí rí, ọjọ́ kan náà ni a bí wọn, èyí tí ó tẹ̀ lé e kò sì ní pẹ́ kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Iye owó iṣẹ́ kì í ṣe ti sẹ́ńsọ̀ nìkan, yíyọ táyà àti dídá a padà àti wíwọn ìdọ́gba rẹ̀ wà níbẹ̀. Ní tèmi, bí táyà iwájú yín bá ṣì dára, ẹ ṣe méjèèjì ti ẹ̀yìn nísinsìnyí, kí ẹ sì fi ti iwájú sílẹ̀ di ọjọ́ tí ẹ bá máa pààrọ̀ táyà wọn. Ó dùn mí pé ẹni tí ó pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn yín ní oṣù tí ó kọjá kò dá a lábàá fún yín nígbà tí rímù wà ní ìhòòhò níwájú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń fi tuntun sí i, ẹ dúró tì wọ́n. Fáàfù irin ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré ń lò nítorí pé eré gíga máa ń fa fáàfù rọ́bà tẹ̀ síta, rọ́bà kékeré tí ó wà ní ìdí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun nígbàkigbà tí a bá yọ ọ́. Nọ́ọ̀tì ìdí fáàfù kò fẹ́ agbára, sípánà tí ń wọn ìdì ni kí wọ́n fi dì í dé iye tí ilé iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ là sílẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò já, bí ó bá kéré jù, yóò máa jò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi píìnì idẹ lásán sínú fáàfù àlùmíníọ̀mù, nítorí pé idẹ àti àlùmíníọ̀mù máa ń jẹ ara wọn bí omi bá dé àárín wọn, píìnì yóò sì lẹ̀ mọ́ inú fáàfù pátápátá. Èyí tí a fi nickel bò ni ó tọ́ sí i. Ìdí kan náà ni ó fi yẹ kí ìdérí fáàfù yín jẹ́ ti ike. Mo mọ̀ pé àwọn ìdérí onírin tí ń dán máa ń wu àwọn tí ó ní ọkọ̀ asáré. Wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ fáàfù, ẹni tí ó bá sì fi agbára yí i yóò ṣẹ́ fáàfù àti sẹ́ńsọ̀ pọ̀.

Kíkọ́ ọkọ̀ mọ nọ́ńbà tuntun yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Àwọn kan ń kọ́ ara wọn bí ẹ bá ti wa ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ ti yan irú táyà nínú àkójọ ètò ojú dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwọn kan ń fẹ́ kí a fi irinṣẹ́ jí sẹ́ńsọ̀ níkọ̀ọ̀kan nígbà tí ọkọ̀ wà ní ìdúró, láti iwájú òsì yí ká. Àwọn mìíràn kò gbà àfi kí a so irinṣẹ́ mọ́ OBD, ojú ihò tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀, tí ó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín. Bí ọkọ̀ bá ní bọ́tìnì tí ń sọ pé kí ẹ̀rọ gba iye tí ó wà nínú táyà báyìí gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n, ẹ má tẹ̀ ẹ́ láìtíì fi géèjì wọn táyà tútù, nítorí pé ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lórí táyà tí ó ti rọ̀ ti kọ́ ẹ̀rọ pé rírọ̀ ni ó tọ́.

Bí ẹ bá máa ń gbé ọkọ̀ yìí lọ sí pápá ìsáré, ẹ fi èyí kún un. Àwọn tí ń sáré máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí ó dín kí ó lè gùn dé ibi tí wọ́n fẹ́ nígbà tí táyà bá gbóná, iná yóò sì tàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìkìlọ̀ tòótọ́ ni, ẹ kàn mọ ìdí rẹ̀ ni. Ohun tí ó léwu ni kí èèyàn gbàgbé láti dá afẹ́fẹ́ padà kí ó tó gba ojú ọ̀nà gbogbo ènìyàn lọ sílé.

Títí ọjọ́ tí ẹ ó fi tún un ṣe, ẹ fi géèjì wọn táyà ní gbogbo òwúrọ̀ tí ẹ bá máa rìn jìnnà, kí ẹ sì fi eré gíga sílẹ̀. Kì í ṣe táyà ẹ̀yìn lápá òsì nìkan ni ó kù láìní olùṣọ́. Bí iná bá ti tàn sílẹ̀ láti àárọ̀ nítorí àbùkù ẹ̀rọ, kò tún ní iná mìíràn tí yóò fi sọ fún yín pé ìṣó ṣẹ̀ṣẹ̀ gún táyà iwájú. Fún ìdí yìí kan náà ni yíyọ gílóòbù rẹ̀ tàbí fífi nǹkan bò ó fi jẹ́ ohun tí n kò lè fara mọ́. Ẹ tún wò ó bí ẹ bá ń sítáàtì ọkọ̀: iná táyà gbọ́dọ̀ tàn pẹ̀lú àwọn yòókù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ó tó kú, gẹ́gẹ́ bí ìdánwò ara rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá parí, ẹ má bínú bí ìlà kéékèèké yẹn bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ wọn. Sẹ́ńsọ̀ tuntun lè ṣì ń sùn, ọkọ̀ sì lè nílò tó ogún ìṣẹ́jú ìrìn kí ó tó dá a mọ̀. Ẹ wakọ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó sun ìta mọ́jú, kí ẹ sì sítáàtì rẹ̀ ní òwúrọ̀ tí ó tutù, nítorí pé wákàtí yẹn ni àìsàn rẹ̀ máa ń jáde. Bí iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá yọ láìjẹ́ pé iná ṣẹ́jú, ẹ fi iye ojú dáṣíbọ́ọ̀dù wé ti géèjì ọwọ́ yín. Ìyàtọ̀ psi kan tàbí méjì kì í ṣe àbùkù. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí táyà kan ṣoṣo, ẹ gbé e padà lọ bá wọn ní ọjọ́ náà.